Ìwé Eré Ọ̀gá

"Ọ̀gá, kí ni èyí?"

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn gbé ṣíbí kan sókè. Ọ̀gá, tó jókòó sórí itan ìyá rẹ̀, wo ṣíbí náà, ó wo nọ́ọ̀sì, ó sì yí ojú sí fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀n, ẹ̀n, ẹ̀n." Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti pé oṣù méjìlélógún láyé.

Ọ̀gá kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù tí kì í pẹ́ nílé, ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n rìn ló ti ń fi ìka pàṣẹ. Bó bá na ìka sí omi, wọn á bù ú wá. Bó bá na ìka sí ilẹ̀kùn, wọn á ṣí i. Ẹni tí gbogbo ilé ń sáré jẹ́ iṣẹ́ fún, kí ni yóò máa da ara rẹ̀ láàmú sọ̀rọ̀ sí?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Ọ̀mọ̀wé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò ńlá sì ku oṣù mẹ́ta. Bí Ọ̀mọ̀wé kò bá gba ipò kìn-ín-ní, á gba ipò kejì. Lọ́jọ́ tó bá sì gba ipò kejì, kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Kò sí ohun tí wọ́n gbé fún un rí tó ní òun ò lè ṣe.

"Ìyá Ọ̀mọ̀wé, ẹ fara balẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò sọ pé nǹkan kan ṣe ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti máa sọ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Ta ló ń wà pẹ̀lú rẹ̀?"

"Aránṣọ ni mí, mà. Àárọ̀ ni mo fi ń gé aṣọ, mo lè máa wò ó nígbà yẹn. Ọ̀sán ni mo fi ń rán an, abẹ́rẹ́ á sì wà káàkiri, mi ò lè jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń mú un dání ní yàrá ẹ̀yìn."

"Kí ló máa ń fi ṣeré níbẹ̀?"

Ìyá wo Ọ̀mọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti rí ohun tó fẹ́ rí.

"Ọwọ́ ni ọmọdé fi ń kàwé," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Omi, ìrẹsì, aṣọ tó rọ̀, aṣọ tó le, ohun tó tutù, ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ti ń fọwọ́ kàn án, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wákàtí kan péré lójúmọ́, kí fóònù sì sinmi. Ẹ má fún un ní bọ́tìnnì tàbí ohunkóhun tó lè gbé mì o, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ nídìí omi." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun kan jáde. "Ohun tó bá ṣe lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ́ síbí. Èmi kò sí nílé yín, ìwé yìí ni yóò jẹ́ ojú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun tí mo bá kà níbẹ̀ ni màá fi mọ ohun tó kàn láti ṣe fún un."

Kí ìyá tó na ọwọ́, Ọ̀mọ̀wé ti gba ìwé náà. "Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, mà. Ká ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ tilẹ̀ fún wa, yóò ti máa sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀mọ̀wé tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ó da ìrẹsì sínú abọ́ ńlá, ó sì jókòó ṣánṣán bí tíṣà. "Ìrẹsì," ó ní. "Wí i. Ì-rẹ-sì." Ọ̀gá ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́, ó wò ó ṣùn-ùn, ó bù ú kún ọwọ́, ó sì dà á sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrẹsì ti wà nínú bàtà, lábẹ́ ìrọ̀rí àti nínú báàgì ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀mọ̀wé gbálẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, omi ni. Ọ̀gá gbé ife, ó rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ibi tí ìwé bàólọ́jì wà, ó sì fún ìwé náà lómi mu. Ọ̀mọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ojú ìwé ogún ló lẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí wọ́n jọ kàwé. Tínńrín ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà, kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí láàárín àwo àti ìrẹsì.

"Kí ni gbogbo eléyìí?"

"Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì gbé fún wa ni. Wọ́n ní kí n máa bá a ṣeré, kí n sì máa kọ ohun tó bá ṣe."

"Ìwọ tí o fẹ́ gba ipò kìn-ín-ní, ìrẹsì lo ń dà sílẹ̀ tí o ń ṣà lọ́sàn-án gangan?" Tínńrín rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ní kí o kọ ọ́? Kọ ọ́ nígbà náà. Ta ló mọ àròkọ kọ jù ọ́ lọ nílé ẹ̀kọ́ wa?"

"Ṣé kí n wá máa pa irọ́?"

"Irọ́ wo? Eré ọmọdé lásán. Ta ni yóò wá wo yàrá yín? Gbogbo ọmọ ló ń padà sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ní báyìí, a ń bẹ̀ ẹ́ kó panu mọ́ ni."

Ọ̀mọ̀wé wo ìwé bàólọ́jì rẹ̀ tó ti wú. Ó wo Ọ̀gá, tó ń na ìka sí orí kọ́bọ́ọ̀dù tí fóònù wà. Ó gbé fóònù náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì tan fíìmù ọmọdé fún un. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, yàrá ti pa lọ́lọ́. Wọ́n ka orí méjì láìsí ìdíwọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, ìyá ń tẹ maṣíìnì lọ, ó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́pọ̀, ó sì ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ òun obìnrin ti gbọ́n.

Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìwé eré ń gbà. Ọ̀mọ̀wé á jókòó, á fi báírò gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì kọ ọ́. "Ọjọ́ kẹsàn-án: Mo fi àrán àti jíńsì lé e lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí àrán, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ti jíńsì sẹ́yìn." Apẹ̀rẹ̀ àgékù aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ọ̀gá kò tíì fọwọ́ kàn án rí. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún: Ó fi ọwọ́ ọ̀tún po fúláwà pọ̀ mọ́ omi, ó wò mí lójú bí ẹni ń béèrè nǹkan." Ó ń yí ọ̀rọ̀ padà kó má baà jọ ara wọn. Ó tilẹ̀ fi ọjọ́ kan sí i tí ọmọ kò fẹ́ ṣeré, kó lè dà bí òótọ́. Ká ní àròkọ ni, ìbá gba máàkì kíkún.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò kúkú jẹ́ kó gbàgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí fíìmù parí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó lọ wá abọ́ òfìfo kan, ó gbé e wá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Ó ń wò ó. Ọkàn Ọ̀mọ̀wé gbọgbẹ́ díẹ̀. Ó ní òun á bá a ṣeré lọ́la. Ó tan fíìmù mìíràn, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ọ̀la náà kò dé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, Ọ̀mọ̀wé wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù. Nọ́ọ̀sì gba ìwé, ó ṣí i, ó ń kà á láti ojú ìwé dé ojú ìwé, kò sì fo ọ̀kan. Ọ̀mọ̀wé ń retí ìyìn. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe ń kà á lọ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé Ọ̀gá sórí tábìlì, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà yíjú. Nọ́ọ̀sì wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà kò mira.

"Iṣẹ́ yìí dára púpọ̀," ó ní. "Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì bá a ṣeré ni, màá ní ká ṣì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lójoojúmọ́, pẹ̀lú irú ìtọ́jú báyìí, tí ọmọ kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan, nǹkan mìíràn lè wà níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n ó lè máà gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké." Ó fa bébà, ó ń kọ̀wé. "Ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n á rí yín ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún òní. Ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ kí n tún un kà."

Ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé ibi tó ti yẹ kí òun sọ̀rọ̀ nìyí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ìyá gba lẹ́tà náà, ó ká a sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí Ọ̀mọ̀wé ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò gbọ́ ìró maṣíìnì. Láti kékeré rẹ̀, ìró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó kí i. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, ó gbé Ọ̀gá mọ́yà, ó sì ti fi aṣọ bo maṣíìnì láti òkè délẹ̀. Àwọn aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì lápá wà nílẹ̀ lókìtì.

"Màámi, ṣé ara yín kò yá ni?"

"Ara mi yá. Mo ti ránṣẹ́ sí aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, yóò wá gbé maṣíìnì lọ lọ́la."

"Gbé e lọ síbo?"

"Ibi tó bá wù ú ni kó gbé e sí." Ìyá kò gbé ojú sókè. "Èmi ni mo di ọmọ mi létí. Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, ìdí maṣíìnì ni mo wà títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ó pé ogójì ọjọ́, mo gbé e padà wá sínú ariwo yìí. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ sapá tìrẹ, ọmọ mi. Mo gbọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe yin iṣẹ́ rẹ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀mọ̀wé lára dé egungun. Ìyá yìí, tí kì í sunkún, ń sunkún. Maṣíìnì yìí ni wọ́n fi rán aṣọ tó wọ̀ sọ́rùn. Bí ó bá dákẹ́ ní báyìí, maṣíìnì yóò lọ, ìyá rẹ̀ yóò sì máa bá ara rẹ̀ jà títí ayé nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, maṣíìnì kọ́. Èmi ni."

"Ìwọ kí ni?"

"Mi ò bá a ṣeré. Fóònù ni mo ń fún un kí n lè ráyè kàwé. Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, mo kàn kọ ọ́ ni."

Ọ̀gá fa etí aṣọ ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

"Ọjọ́ mélòó ló jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀?"

"Méjì."

"Nínú ọjọ́ méjìlélógójì." Ìyá gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo. Ọ̀mọ̀wé ìbá fẹ́ kó pariwo. "Bí èmi bá wọn aṣọ oníbàárà lérò, tí mo kọ nọ́ńbà tí mi ò rí sílẹ̀, aṣọ ni yóò bàjẹ́, mo ṣì lè tú u. Ọmọ èèyàn ni ìwọ wọ̀n lérò. Nọ́ọ̀sì sì ti fi ìwọ̀n tí o kọ gé aṣọ fún wa."

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ń bí mi. Jẹ́ kó máa bí mi. Lọ́la, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá nọ́ọ̀sì, ohun tí o sọ fún mi yìí gan-an ni wàá sọ fún un. Mi ò ní bá ọ lọ."

Ọ̀nà ilé ìwòsàn kò gùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń fà á gùn níwájú Ọ̀mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já a lẹ́nu.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yẹn," ó ní. "Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nípa rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ojú mi, o sì fi ọwọ́ bò mí lójú. Ṣé o mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a?"

"Mo mọ̀ ọ́n báyìí, mà."

"Ó dáa tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, kì í ṣe ogún ọdún. Lẹ́tà tí mo kọ sí dókítà elétí á dúró o, kò sí ohun tó burú nínú kí a yẹ etí ọmọ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún wà níwájú wa. Ṣé o lè kọ ohun tí kò dùn ún kà?"

"Mo lè kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì mú ìwé náà jáde láti inú dúrọ́ọ̀. "Ṣí ojú ìwé tuntun. Kí o tó kọ nǹkan kan, kọ ohun tí o ṣe síbẹ̀, kí ẹni tó bá kà á má baà ṣìnà bíi tèmi." Ó dúró wò ó títí ó fi kọ ọ́ tán. "Ohun kan ṣì kù. Má ṣe tíṣà fún un mọ́. Jókòó tì í, kí o dákẹ́, kí o wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ ni kí ọ̀rọ̀ rẹ náà lọ."

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé padà délé, maṣíìnì ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ti ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má wulẹ̀ wá mọ́. Ó tún ti ń ránṣọ, àmọ́ kì í tẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, ojú rẹ̀ á sì máa lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni kò sì ti bá Ọ̀mọ̀wé ṣàwàdà mọ́.

Ọ̀mọ̀wé yí àkókò ìwé kíkà rẹ̀ sí ìdájí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Ìwé tó kọ lọ́tẹ̀ yìí kò dùn ún kà rárá. "Ọjọ́ kìíní: Ó sunkún fóònù fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan." "Ọjọ́ kejì: Ó gé mi jẹ." "Ọjọ́ kẹta: Ó sunkún fún ogún ìṣẹ́jú. Ó jókòó sínú abọ́ omi." Tínńrín wá lọ́jọ́ kẹrin, ó ka ìwé náà, ó ní, "Èyí ò dáa tó ti àkọ́kọ́." Ọ̀mọ̀wé ní, "Òótọ́ ni. Jọ̀ọ́, bá mi gbé ìwé bàólọ́jì mi sókè kó tó débẹ̀." Tínńrín gbé e sókè, ó sì jókòó. Lẹ́yìn wákàtí kan, fúláwà ti dé imú òun náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín ju ọmọ lọ.

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí i. Nígbà tó bá ń kọ́ Ọ̀gá lọ́rọ̀, ọmọ náà kì í wò ó. Nígbà tó bá dákẹ́, ọmọ náà á yíjú wá a. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan omi tútù, ó fà á yọ kíá, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó tutù," ni Ọ̀mọ̀wé wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tún kàn án. "Ó tutù." Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méjìlá, Ọ̀mọ̀wé kà á. Wọ́n tú apẹ̀rẹ̀ àgékù aṣọ. Àrán rọ̀ múlọ́múlọ́, Ọ̀gá kò sì fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìwé irọ́ ti wí. Ẹnu ló fi sí. Jíńsì tó rí ṣákiṣàki ni tirẹ̀. Òun ló gbé sùn. Ọ̀mọ̀wé rí i pé gbogbo ohun tí òun ti jókòó ronú kọ nípa ọmọ yìí, kò sí èyí tó jọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gbé inú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì dùn ún ju ìjìyà lọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé lọ́sàn-án. Ìyá sáré kó abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí sínú páálí, ó fẹ́ gbé e padà sẹ́yìn. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ," ni Ọ̀mọ̀wé wí. Ó jókòó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ara sí àárín ọmọ àti ẹsẹ̀ maṣíìnì.

Ọ̀gá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi tábìlì. Ìyá tẹ maṣíìnì díẹ̀. Igi náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ ọmọ, ojú rẹ̀ sì là. Ó gbé ọwọ́ kejì lé e, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lé e. Ìyá dẹ́sẹ̀ dúró. Ọ̀gá gbé orí sókè, ó wo ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun Ọ̀mọ̀wé. Ó fẹ́ sọ pé "maṣíìnì", ó fẹ́ sọ pé "ó ń gbọ̀n". Ó gbé e mì. Ó fi ojú bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má tẹ̀ ẹ́, kó dúró. Wọ́n dúró. Ọ̀gá fọwọ́ gbá tábìlì. Wọ́n ṣì dúró. Kò na ìka. Ó la ẹnu.

"Tún."

Ìyá yíjú sí Ọ̀mọ̀wé.

"Kí ló wí?" ni ìyá béèrè.

"Tún," ni Ọ̀gá wí. Ó wí i bí ẹni tí inú ń bí pé wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò.

Ìyá tẹ maṣíìnì. Ó ń tẹ̀ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ sì ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá lọ́nà wíwọ́. Bó bá ti dúró, Ọ̀gá á ní "Tún", á sì tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rírán aṣọ náà ni wọ́n tú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá àti Ọ̀mọ̀wé jọ tú u ni, ibẹ̀ sì ni ìyá ti kọ́kọ́ bá a ṣàwàdà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní àṣẹ tún pọ̀ sí i fún Ọ̀gá, ó ti ní ìka tẹ́lẹ̀, ó tún ti wá ní ẹnu.

Nígbà tí ọjọ́ dókítà elétí fi máa pé, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló ti wà nínú ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Dókítà, ọkùnrin kan tó ti ń hewú, gbé nǹkan sí Ọ̀gá létí, ó tẹ èyí, ó yí tọ̀hún. Ó ní etí méjèèjì dára, kí wọ́n máa bá eré wọn lọ. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé. Omi ti kán sí i, fúláwà wà láàárín rẹ̀, igun kan tilẹ̀ ní àmì eyín. Ó ṣí i dé àárín, ó dúró síbi tí Ọ̀mọ̀wé ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Láti ọjọ́ kẹta dé ibí kì í ṣe òótọ́. Èmi ni mo parọ́ rẹ̀." Ó kà á, ó wo Ọ̀mọ̀wé láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó sì tún ka àwọn ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.

"Ìwọ lo kọ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà?"

"Èmi ni, sà."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni?"

Ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé ìbéèrè náà tọ́ sí òun. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Òótọ́ ni, dókítà," ni ìyá rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọ mi ló kọ ọ́. Mo fọwọ́ sọ̀yà."

Ọ̀mọ̀wé ti gba ẹ̀bùn lórí pèpéle ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sí èyí tó dùn mọ́ ọn tó ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ náà tí o ń ka ìtàn yìí, wọ́n á gbé iṣẹ́ kan fún ọ lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́ni tó máa wò ọ́ níbẹ̀, ẹnì kan á sì sọ fún ọ pé kí o kàn kọ ọ́. Rántí pé ẹnì kan wà tí yóò gba ohun tí o kọ gbọ́, tí yóò sì fi í gbé ìgbésẹ̀. Kọ ohun tí o rí, bó tilẹ̀ burú. Bí o bá sì ti parọ́, tètè jẹ́wọ́, torí pé ọmọ tó bá lè jẹ́wọ́ ṣì lè gbọ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà fún un.